Nígbà Tí Àwọn Eléré Ìgbà Èwe Wa Bá Tún Gun Orí Ìtàgé

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti àsìkò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kan owó ẹgbẹ́ kí n tó parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé wa tí ó kọjá mọ̀ pé àríyànjiyàn díẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tí yóò ṣeré fún wa ní ọjọ́ àjọ̀dún ìparí ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a pe díjéè, nítorí pé ẹnìkan ṣoṣo ni, ẹ̀rọ rẹ̀ ni yóò gbé wá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn àgbà ní rárá o, ẹgbẹ́ eléré gan-an ni àwọn ń fẹ́, àwọn tí ń fi ọwọ́ lù, tí wọ́n sì ń fi ẹnu fọn fèrè, pàápàá jù lọ àwọn tí wọ́n mọ orin àtijọ́. Ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa bá dìde, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ṣé àwọn eléré ayé ìgbà náà ṣì ní èémí tí wọn yóò fi kọrin? Bí wọ́n bá sì ní in, kí ni ẹ fẹ́ rí lára wọn tí kò sí nínú àwo orin wọn?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan fajúro, alága sì ní kí a sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tí ń bọ̀.

Ní tèmi, ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe ìbéèrè àrífín. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí ẹnìkan dáhùn rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Akọ̀wé rélùwéè ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní ibì kankan. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí díẹ̀, mo sì ti jókòó ti àwọn àgbà, mo ti bi wọ́n léèrè. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn.

ORIN ÀWỌN ALÁJÒ NI

Kí a tó sọ̀rọ̀ àwọn eléré tí wọ́n padà, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí orin wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1913 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin rélùwéè láti ìlú Port Harcourt yìí lọ sí òkè, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1916, ó ti dé Enugu níbi tí èédú wà. Ọkọ̀ ojú irin náà kó èédú wá sí etí omi, ó sì kó ènìyàn wá pẹ̀lú: akọ̀wé, awakọ̀, télọ̀, oníṣòwò, láti ìlú gbogbo àti èdè gbogbo. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí iṣẹ́ parí, olúkúlùkù a máa wá ibi tí yóò gbé fi ara rọ̀. Èdè kò papọ̀, oúnjẹ kò papọ̀, ṣùgbọ́n bí fèrè bá dún, ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ni ó mọ ohun tí yóò ṣe. Báyìí ni orin háíláìfù ṣe rí àyè láàárín àwọn alájò.

Láti ilẹ̀ Gánà, tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni háíláìfù ti wá bá wa. Ní ọdún 1950 ni E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Tempos, kọ́kọ́ wá ṣeré ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ eléré wa sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà jẹ́ ọmọ alájò bí àwọn ọmọ tiwa gan-an. Victor Olaiya ni orúkọ rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà-Ìṣu ní Èkìtì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ìlú Calabar ni a bí i sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1930. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń bẹ̀rù pé ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ kò ní níláárí, ẹ gbọ́ o. Ọmọ yìí ni ó lọ sí Èkó, tí ó dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní ọdún 1954, tí ó sì fọn fèrè níbi ijó ìjọba nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960.

Ẹlòmíràn tún wà tí onílé wa níhìn-ín kò lè gbàgbé: Rex Lawson, ọmọ Buguma ní ilẹ̀ Kalabari, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Kí ó tó di ọ̀gá tí ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó bá Olaiya ṣiṣẹ́, ó sì bá Bobby Benson àti Roy Chicago ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ wò ó bí nǹkan ti rí: ọmọ Èkìtì tí a bí sí Calabar àti ọmọ Kalabari jọ fọn fèrè ní Èkó, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n pé ta ni àjèjì nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Láti ọdún 1966 sí 1967, ọ̀pọ̀ eléré tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlà oòrùn fi Èkó sílẹ̀, wọ́n padà sílé. Àwọn Yorùbá tí wọ́n wà ní ìlú yìí náà di ẹrù wọn, wọ́n gba ọ̀nà ilé lọ. Ogun jà títí di oṣù Kìíní ọdún 1970. Nígbà tí ogun parí, háíláìfù kò ní agbára tí ó ní tẹ́lẹ̀ ní Èkó mọ́. Orin jùjú ti gba ipò rẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn ogun, ní oṣù Kìíní ọdún 1971, jàǹbá ọkọ̀ pa Rex Lawson lójú ọ̀nà nígbà tí ó ń lọ ṣeré ní Warri. Títí di òní, bí a bá ṣe ayẹyẹ ní ìlú yìí, a óò gbọ́ orin rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí òun fúnra rẹ̀ lórí ìtàgé, kò sí iye owó tí ó lè san. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́kọ́ fi sọ́kàn nìyí: kì í ṣe gbogbo eléré ni ayé máa ń fún ní àyè láti padà.

BÀBÁ TÍ Ó PADÀ

Àwọn kan padà ṣá. Èyí tí mo mọ̀ dáadáa nínú wọn ni Bàbá Fatai Rolling Dollar, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ọláyíwọlá Fatai Ọlágúnjú. Ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1927 ni a bí i. Ọdún 1953 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin. Ó ta agídìgbo nínú ẹgbẹ́ J. O. Araba, ó ta gìtá, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tí ó pè ní African Rhythm Band. Àwọn ọmọ tí ó kọ́ níṣẹ́ kì í ṣe ọmọ kékeré lónìí: Ebenezer Obey gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, Orlando Owoh náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹnìkan bá ti jó orin Obey rí, ó ti jẹ nínú oúnjẹ tí Bàbá yìí sè, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àwọn ọmọ tí ó kọ́ di olókìkí, ọ̀gá wá di ẹni tí a kò gbúròó mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá dárúkọ Fatai Rolling Dollar, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rò pé ó ti kú. Àfi ní ọdún 2004 tí ilé ìtàwé àti ìtàwo-orin kan ní Ìkòyí, tí wọ́n ń pè ní Jazzhole, gbé àwo tuntun rẹ̀ jáde. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin nígbà náà. Orin rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní “Wọ́n Kéré sí Nọ́ńbà” wá gba ìgboro kan, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọ ọ́ lójú pópó. Olóòtú ilé Jazzhole náà, Kúnlé Tẹ́júoṣó, tún kó àwọn àgbà eléré mìíràn jọ pẹ̀lú rẹ̀, ó pe ẹgbẹ́ wọn ní Fàájì Àgbà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ṣeré ní New York ní ọdún 2011. Rẹ̀mí Vaughan-Richards ya fíìmù nípa wọn, fíìmù náà sì jáde ní ọdún 2015. Bàbá Fatai kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni ó kú ní Èkó.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Láti ọdún 2004 sí 2013, ọdún mẹ́sàn-án péré ni. Ẹni tí ó bá ní “Mo máa lọ wò ó lọ́dún tí ń bọ̀” nígbà mẹ́sàn-án, kò rí i.

OHUN TÍ BÀBÁ WA LỌ RÍ

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Ẹ̀yin àgbà yóò mọ̀ ọ́n, ẹ má sọ fún ọmọdé. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó gba yàrá kan nítòsí Aggrey Road, ó sì ní giramafóònù kan àti àpótí àwo orin tí ó kún. Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa kún yàrá náà dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ìjọ, gbogbo wọn a máa jó títí ìyá onílé yóò fi kan ògiri. Orin J. O. Araba wà nínú àpótí náà, ti Fatai Rolling Dollar wà níbẹ̀, ti Olaiya sì wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1967 ó fi ìlú yìí sílẹ̀ pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Giramafóònù dúró, àwo orin dúró, àwòrán tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà náà dúró. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1971, àwọn ẹlòmíràn ni ó bá nínú yàrá náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ nípa àpótí kankan. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí méjì. Kò rí àwọn yòókù títí di òní.

Ní ọdún 2010, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá yìí ń ṣe ìgbéyàwó ní Èkó. Mo wà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá sì ní kí n bá òun gbé àpò lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé Fatai Rolling Dollar ni àwọn ẹbí ìyàwó pè. Orúkọ rẹ̀ ni a gbọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà tí a ń jẹun lọ́wọ́, Bàbá sì gbé ṣíbí kalẹ̀.

Ẹni tí ó jáde wá jẹ́ àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó gbé gìtá kọ́rùn. Mo wo ojú Bàbá wa. Kò dìde, kò pàtẹ́wọ́. Ìka olórin náà ni ó ń wò. Orin kìíní lọ, orin kejì lọ. Ní orin kẹta, mo rí i tí ètè Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó mọ ọ̀rọ̀ orin náà látòkè délẹ̀, ó sì mọ ibi tí olórin yóò ti dúró díẹ̀ kí ó tó mú ìparí. Nígbà tí olórin dúró níbẹ̀ gan-an, Bàbá fi ọwọ́ lu tábìlì, ó yíjú sí mi, ó ní: “Ṣé o rí i? N kò purọ́.”

Mo ní: “Bàbá, ta ni ó ní ẹ purọ́?”

Ó ní: “Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé mo ní yàrá kan, mo ní orin kan, mo ní àwọn ọ̀rẹ́ kan. Wọn a máa mi orí bí a ti ń mi orí fún àgbà. Kò sí àwo, kò sí àwòrán, àwọn ọ̀rẹ́ náà kò sí. Nígbà tí ó pẹ́, ó wá ń ṣe èmi fúnra mi bí ẹni pé mo lá a lálàá ni. Ẹlẹ́rìí mi ni ó dé lónìí yìí.”

Lẹ́yìn náà ni ó tó dìde. Ó jó lọ síwájú, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ó lẹ owó mọ́ olórin náà níwájú orí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Olórin náà tẹrí ba. Ohun tí Bàbá sọ, kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì bi í.

Ìdáhùn mi nìyí sí ọ̀dọ́mọkùnrin wa tí ó béèrè ohun tí ó wà lára eléré tí kò sí nínú àwo orin. Àwo kì í dàgbà. Bí olórin ti wà lọ́jọ́ tí ó kọ ọ́ ni yóò máa wà títí. Ṣùgbọ́n olórin tí ó gun ìtàgé lẹ́yìn ogójì ọdún ti dàgbà bí ìwọ náà ti dàgbà. Èémí rẹ̀ ń já ní ibì kan, àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbè é ni wọ́n ń bá a gbé orin náà kọjá. Níbi tí ohùn rẹ̀ kò lè gòkè dé mọ́, ìka rẹ̀ ni ó ń gbé e dé ibẹ̀. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe kẹ́dùn pé orin ti bàjẹ́. Ẹ ti la ohun kan náà kọjá, ẹ sì jọ wà láàyè. Fún àwa alájò, tí ogun àti ìṣíkiri ti kó ẹrù wa dànù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ju owó lọ.

KÌ Í ṢE NÍ ILẸ̀ WA NÌKAN

Ní erékùṣù Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti bá orin ilẹ̀ wa dé, irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀. Olórin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ibrahim Ferrer. Ọdún 1927 ni a bí òun náà, ọdún kan náà pẹ̀lú Fatai Rolling Dollar. Ó ti fi orin sílẹ̀, bàtà ni ó ń bá ènìyàn dán láti fi rí owó oúnjẹ. Ní ọdún 1996, eléré kan tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí wá a lọ, ó mú un wá sí ibi tí wọ́n ti ń ká ohùn àwọn àgbà olórin sílẹ̀ ní Havana. Àwo náà, Buena Vista Social Club, jáde ní ọdún 1997, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1998, ẹni tí ó ti ń dán bàtà dúró ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York, àwọn ènìyàn sì dìde fún un.

Ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ní Kútọnu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹgbẹ́ Poly-Rythmo ti ń ṣeré láti ọdún 1968 lábẹ́ Mélomé Clément. Wọ́n gbayì púpọ̀, lẹ́yìn náà ariwo wọn rọlẹ̀. Akọ̀ròyìn rédíò kan, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó wá wọn kàn, ó sì ṣètò tí wọ́n fi kọ́kọ́ lọ ṣeré káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2009, lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé tí wọ́n ti ń fọn fèrè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Clément kú.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú gbogbo wọn, ẹnìkan ni ó dìde lọ kan ilẹ̀kùn. Ní Èkó, olùtàwé ni. Ní Havana, eléré bíi tiwọn ni. Ní Kútọnu, akọ̀ròyìn ni. Àgbà olórin kì í fúnra rẹ̀ padà sórí ìtàgé. A máa ń lọ pè é ni, a óò wá owó ọkọ̀ fún un, a óò sì wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbè é.

ÀWA TÍ A KÉRÉ NÍNÚ YÍN NÁÀ

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìkan ni mo ń sọ. Nígbà tí àwa tí a ti lé ní ọgbọ̀n ọdún wà ní ọmọdé, àwọn ìbejì P-Square ni a ń jó sí. Ọmọ Ìgbò ni wọ́n, ṣùgbọ́n Jos ni a bí wọn sí, ọmọ alájò ni àwọn náà. Ní ọdún 2017 wọ́n túká, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí wọ́n pé ogójì ọdún, wọ́n parí ìjà, wọ́n sì tún jọ gun ìtàgé. Mo mọ àwọn bàbá ọlọ́mọ méjì mẹ́ta níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n fò sókè bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Nígbà tí ó di ọdún 2024, a gbọ́ pé wọ́n ti tún pínyà. Ọdún mẹ́ta péré ni ilẹ̀kùn náà fi ṣí. Ẹ rí i pé ikú nìkan kọ́ ni ó ń ti ilẹ̀kùn báyìí; ìjà náà ń tì í.

Ẹ sì rántí pé ní ọdún 2013, Victor Olaiya, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tún orin rẹ̀ kan ṣe pẹ̀lú 2face Idibia, ọmọ Idoma tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Nínú ilé mi, bàbá mi dìde nítorí fèrè Olaiya, èmi dìde nítorí ohùn 2face, àwa méjèèjì sì pàdé láàárín ilé. N kò rántí ìgbà mìíràn tí èmi àti bàbá mi jọ jó sí orin kan náà láìjẹ́ pé ẹnìkan ń ṣe ìgbéyàwó. Olaiya fọn fèrè títí ọjọ́ ogbó rẹ̀ fi tó. Ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2020 ni ó kú.

ÀBÁ MI SÍ ẸGBẸ́

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ní ìpàdé tí ń bọ̀ nìyí.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ eléré ṣeré fún wa láti ìrọ̀lẹ́ títí di agogo mẹ́wàá alẹ́, kí díjéè sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Owó tí a óò san fún díjéè yóò dín kù nítorí pé wákàtí rẹ̀ dín kù, a ó sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù kún owó eléré. Akápò lè ṣe ìṣirò rẹ̀ kí a tó pàdé.

Èkejì, àwọn àgbà eléré háíláìfù àti jùjú ṣì wà ní ìlú yìí, ní Diobu àti ní àwọn àdúgbò àtijọ́, wọ́n wà nílé láìsí ẹni tí ń pè wọ́n. Kì í ṣe dandan kí wọ́n jẹ́ Yorùbá. Bí ọmọ Kalabari bá lè fọn orin Rex Lawson fún wa, tí ó sì lè fọn ti Olaiya mọ́ ọn, ẹni tí à ń wá nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ irú wọn, kí ó fi orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ tó akọ̀wé ẹgbẹ́ létí.

Ẹ̀kẹta, kí a san owó wọn pé kí wọ́n tó gun ìtàgé. Kò yẹ kí àgbàlagbà máa dúró de akápò ní òru. Owó tí a bá lẹ̀ mọ́ wọn lórí, tiwọn ni, kì í ṣe ara owó iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi àwọn ọmọ wa jókòó níwájú. Bí Bàbá kan tàbí Ìyá kan bá mọ orin tí wọ́n ń kọ, kí ó sọ fún ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ibi tí òun gbé kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ta ni ó jókòó ti òun lọ́jọ́ náà, àti irú aṣọ tí òun wọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kò mọ̀ pé a jẹ́ ọ̀dọ́ rí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí ó bá ní àwo orin àtijọ́ tàbí àwòrán tí a yà níbi ijó ní ìlú yìí ṣáájú ọdún 1967, kí ó mú un wá fún wa láti wò. A kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A óò ya àwòrán rẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé yìí, ní ojú ewé tí a ti ń kéde ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, kí ẹni tí ó bá dá ojú kan mọ̀ lè kọ̀wé sí wa. Bàbá wa tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ṣì ń wá ọ̀rẹ́ mẹ́rin.